Wọ́n tú àṣírí ọmọ SS2 kan síta nílé ìwé wa: kí ni kí káńsẹ́lọ̀ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsẹ́lọ̀ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin kan wà ní SS2, ọmọ ọdún 16 ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí òun àti ọmọkùnrin mìíràn kọ síra wọn, ni wọ́n bá pín in sórí WhatsApp kíláàsì. Láti ìgbà náà, orúkọ ẹ̀gàn ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n sì ti lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá wa fẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àwọn lé e. Kí ni òfin sọ? Kí ni mo lè ṣe tí ayé ọmọ yìí kò fi ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mọ́ńdè tí ẹ dárúkọ yẹn ló kọ́kọ́ ká wa lára, ibẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ọ̀gá yín lọ kí Mọ́ńdè tó dé, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ sì to ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi ipá gba fóònù ọmọ kan. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, wọ́n pín in kiri. Wọ́n lù ú. Ọmọ yìí ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ sí, abẹ́ àbójútó ilé ìwé ló sì wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí ìpàdé Mọ́ńdè bá wá di ọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti di ọ̀daràn nìyẹn, àwọn tó lù ú yóò sì gbà pé ilé ìwé wà lẹ́yìn àwọn. Ìlù kejì kì í pẹ́ dé lẹ́yìn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Òbí tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu prínsípà, lójú àwọn olùkọ́, ìtìjú ló máa ń kọ́kọ́ gbé e wọ̀ kó tó rántí pé ọmọ òun ni. Inú ìtìjú yẹn ni wọ́n ti ń lé ọmọ jáde nílé, tí wọ́n ń dá owó ilé ìwé rẹ̀ dúró, tí wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìwòsàn. Ọmọ ọdún 16 tí wọ́n lé nílé kò ní ibi tó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá sì fún un níbùsùn lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin lohùn, ẹ mọ ìyókù. Ewu tó tóbi jù fún ọmọ yìí báyìí wà lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé etí wọn, ilé ìwé kò sì gbọdọ̀ fi kún iye wọn.

A kò ní kí ẹ purọ́ fún òbí. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé wọ́n lu ọmọ òun. Ẹ lè sọ fún wọn pé: “Àwọn ọmọ kan já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ yín, wọ́n sì lù ú. A ti ń yanjú ẹjọ́ wọn. A fẹ́ kí ẹ bá wa wá ẹni tí yóò máa mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó wà nínú fóònù, ẹ fèsì pé ọ̀rọ̀ àdáni ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà á, ilé ìwé náà kò sì ní kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ti dé orí WhatsApp lè dé ilé láìpẹ́, nítorí náà ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni: “Ta nínú ẹbí yín ló lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní pariwo?” Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn ni kí ó jókòó ti àwọn òbí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé etí wọn. Bí ọmọ bá ní kò sí ẹnì kankan, tí ó sì ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ bi wá nípa òfin. Èyí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí ni òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù January 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló fi lé ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ó fi ọdún 10 lé dídá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ àti kíkópa nínú rẹ̀, ó sì fi ọdún 10 lé fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó náà de ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Òfin líle ni, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú òfin 2014 náà tó pa á láṣẹ fún olùkọ́ pé kó lọ fi ọmọ ilé ìwé sùn, kò sí ibi tó ní kí wọ́n lé ọmọ kúrò ní kíláàsì, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ àtilù ú. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì kọ síra wọn ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe ẹgbẹ́, àwọn tó pín in kiri ló sì gbé e wá sí gbangba.

Òfin kejì wà tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé kì í sábà rántí: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2006. Lójú òfin yìí, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ó fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, títí kan lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀, lábẹ́ àbójútó tó mọ níwọ̀n láti ọwọ́ òbí. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọmọdé léṣe lára tàbí lọ́kàn, tàbí kó fi ìwà àbùkù kàn án. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ojú kan, kí ẹ fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹ̀rù òfin ló sábà máa ń ti ọ̀gá ilé ìwé sí lílé ọmọ, nígbà tí òfin tó yẹ kó bà á lẹ́rù jù wà lẹ́yìn ọmọ náà.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ má pè é láti orí àsẹ́ḿbílì, ẹ má rán ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí i. Yàrá tó ní ilẹ̀kùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí tábìlì má wà láàrin yín. Ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: “Mo gbọ́ pé wọ́n lù ọ́. Ibo ló ń dùn ọ́? Ṣé o ti jẹun?” Lẹ́yìn náà, kó tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí àṣírí mọ: “Ohun tí o bá sọ, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà, àfi bí ẹ̀mí rẹ bá wà nínú ewu, tàbí bí ẹnì kan bá ń fipá bá ọ ṣe ohun tí o kò fẹ́.” Ẹni tí ẹ kò sọ èyí fún ṣáájú, bí ẹ bá wá lọ sọ fún ẹlòmíràn, kò ní gbẹ́kẹ̀ lé àgbàlagbà kankan mọ́ nílé ìwé yẹn.

Ẹ má bi í pé “Ṣé òótọ́ ni pé o jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Bó bá ní rárá torí ẹ̀rù, ó ti purọ́ fún yín nìyẹn, yóò sì ṣòro fún un láti padà wá. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ohun tí ẹ ó ṣe fún un tí ẹ kò ní ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 16 lè má tíì mọ ibi tí ọkàn òun ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gàn pè kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ohùn wọn ló rẹlẹ̀, tàbí wọn kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú kò lè mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọbìnrin náà ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí, títí wọn yóò fi dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàrin ẹgbẹ́ wọn.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ọjọ́ orí ẹni kejì tí wọ́n jọ ń kọ̀wé. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọmọ yẹn náà sílẹ̀ ní àlàáfíà, ẹ má wá orúkọ rẹ̀ kiri. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, pàápàá olùkọ́ tàbí aṣáájú ìsìn, ọ̀ràn ti yí padà, ọmọ ni wọ́n ń lò nílòkulò. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí àkókò yẹn bá kọjá, bí ẹ bá sì ṣe tètè dé tó ló ṣe ń dáa tó.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sá fún ló kàn: “Ṣé o ti ń ronú láti pa ara rẹ?” Ẹ bi í bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ má fi òwe yí i ká. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sọ́kàn ọmọ. Ẹni tó ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, ara máa ń tù ú pé ẹnì kan ti rí òun. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ìjọba láàrin àwọn ọmọ girama lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tó sọ pé àwọn jẹ́ gay, lẹ́sìbíánì, ẹni tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, tàbí tí wọn kò tíì mọ ibi tí ọkàn wọn ń lọ, nǹkan bí 45 ló ti ronú gidi láàrin ọdún kan láti pa ara wọn, 22 sì gbìyànjú rẹ̀. Láàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù, 15 àti 6 ni. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á kò ṣàjèjì síbí: ìlù, ẹ̀sín, ilé tó lé ọmọ, àti ọdún gbọọrọ tí ọmọ fi ń dá àṣírí kan gbé. Ìwádìí mìíràn níbẹ̀, ti ọdún 2019, rí i pé àwọn ọmọ tó ní àgbàlagbà kan ṣoṣo tó gbà wọ́n mọ́ra, ìgbìyànjú láti pa ara wọn fi ìdá 40 nínú 100 dín láàrin wọn sí ti àwọn tí kò ní ẹnì kankan. Àgbàlagbà kan ṣoṣo, olùkọ́ wa. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú sẹ́kún, ẹ má wàásù. Ẹ bi í bóyá ó ti mọ bí yóò ṣe ṣe é, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí rẹ̀, àti bóyá ó ti dá ọjọ́. Bí ó bá ti ní ètò, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yin àti ẹlòmíràn kan ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH tàbí ti Bowen, tó jẹ́ ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tẹ́lẹ̀. Dókítà ibẹ̀ lè kọ̀wé sí UCH n’Ìbàdàn, níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé wà. Òfin àtijọ́ tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lé ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé máa fi ọmọ pamọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ dá yín dúró lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Fún dókítà, “ọmọ yìí fẹ́ pa ara rẹ̀, wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé” ti tó. Nílé, kí ẹni tó gbà á mọ́ra ti oògùn apakòkòrò àti àwọn oògùn líle mọ́ inú àpótí.

Àmì mìíràn wà tí olùkọ́ kíláàsì lè rí, tó kéré lójú ṣùgbọ́n tó ń sọ òótọ́. Ọmọ tí wọ́n ń dọdẹ kì í lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, torí ibẹ̀ ni kò sí olùkọ́. Kò ní mu omi láti àárọ̀, yóò di ìtọ̀ mọ́ra títí aago méjì, yóò sì sáré lọ sílé. Bí ẹ bá rí ọmọ tí omi inú ike rẹ̀ kì í dín, ẹ bi í léèrè. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́ tàbí ti yàrá àìsàn. Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ nìyẹn. Ọmọ tó sì ń tijú àti bọ́ṣọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà eré ìdárayá, bóyá torí pé ara rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn tàbí torí pé inú ara náà kò tù ú, ẹ jẹ́ kó máa pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀ pẹ̀lú, láìbéèrè ìdí.

Ní ti fóònù, ẹ gbà á padà lónìí, kí ẹ pa á, kí ẹ dá a padà fún ọmọ náà. Ẹ má ṣí i, ẹ má ní kó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn yín. Bí àwòrán ìhòòhò ẹni tí kò tó ọdún 18 bá wà nínú ohun tí wọ́n pín, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 de pípín in àti fífi í pamọ́, olùkọ́ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá “kí wọ́n lè rí i” kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pe aṣáájú WhatsApp kíláàsì náà, kí ó pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì ti gúrúùpù náà pa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ tún kìlọ̀ fún ọmọ náà nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní kito. Àwọn èèyàn wọ̀nyí máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ lórí Facebook tàbí ibòmíràn, wọ́n á dá ibi ìpàdé, bó bá débẹ̀ wọ́n á bò ó, wọ́n á gba fóònù àti owó, wọ́n á mú un lọ sídìí POS, wọ́n á sì dún kookò mọ́ ọn pé àwọn yóò sọ fún bàbá rẹ̀. Ọmọ tí àṣírí rẹ̀ ti tú ni ẹran ọdẹ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó má san, torí ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń padà wá bá. Kó tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀rí, kó tó dínà mọ́ nọ́ńbà yẹn, kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kó má lọ síbi ìpàdé kankan, kó sì wá sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tó lù ú ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn, lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má rí ara wọn láàrin. Ẹ má kó wọn jókòó pẹ̀lú ẹni tí wọ́n lù pé kí wọ́n bá ara wọn parí rẹ̀. Ìparí ìjà wà fún ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba. Ọmọ mẹ́rin sí ẹyọ kan kò dọ́gba, ẹni tí wọ́n lù ni yóò wá tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ má sì nà wọ́n lórí àsẹ́ḿbílì, torí bí ẹgba bá ti tán lára wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tó “kó bá wọn” ni wọn yóò gbà lọ. Ẹ pe òbí wọn, ẹ yí ìjókòó wọn padà, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì yóò yọrí sí ìdádúró.

Bí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀, ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ: “Túsìdè, aago 1:50, ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ọmọ mẹ́rin. Ẹnì kan di apá rẹ̀ mú, ẹnì kan gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Ètè ìsàlẹ̀ wú, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì méjì já. Wọ́n pè é ní orúkọ ẹ̀gàn. Ẹlẹ́rìí méjì.” Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀gàn náà, ẹ má kọ irú ẹni tí ẹ rò pé ọmọ náà jẹ́. Ìwé kì í gbàgbé, ọ̀gá mìíràn lè ṣí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nígbà tí ọmọ bá wá gba ìwé ẹ̀rí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà, kó má bá fáìlì rẹ̀ gbogbogbò pọ̀.

Àwọn olùkọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ẹ̀gàn àkọ́kọ́ lè ti ẹnu olùkọ́ jáde níwájú kíláàsì: “Ṣe bí ọkùnrin!” tàbí “Ìwọ abo yìí.” Lójú àwọn ọmọ, àṣẹ ni. Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ilé ìwé kan ní ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí àti ọ̀rẹ́ wọn ti ń pàdé. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ níbí, òfin 2014 yẹn yóò mú yín. Ohun tí ẹ lè ṣe ni òfin ilé ìwé kan tó wà fún gbogbo ọmọ: ẹnikẹ́ni, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ fi ohùn, ìrìn, ara, àwọ̀, ìsìn tàbí ìdílé ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Akólòlò wà lábẹ́ rẹ̀, àfín wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ tiyín yìí náà wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Kò sí òbí tí yóò dìde ní ìpàdé PTA láti ta ko irú òfin bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé ìlú onísìn ni Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá ọ̀gá yín sì ti ń ronú pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ fún ìtúsílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún un, kó gbàdúrà. Ààwẹ̀ tí wọ́n fipá gbà lé e lórí, ẹgba, ìdè, àti kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ, ìpalára ni ìyẹn. Àjọ ìlera àgbáyé ti yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kúrò nínú ìwé àìsàn láti ọdún 1990, nítorí náà kò sí oògùn tí dókítà tàbí babaláwo lè fi wò ó. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Bí ọ̀gá bá ṣì takú pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ó parí táàmù yìí, kí ìwé ìlọkúrò rẹ̀ má ní ju ọjọ́, kíláàsì àti máàkì lọ, kí ẹ sì bá a wá ibòmíràn kí ìforúkọsílẹ̀ WAEC tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúró, kí olùkọ́ kan wà ní géètì ní aago méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, torí ìlù tó burú jù máa ń wà láàrin géètì àti ibi tí ọmọ ti ń wọ ọ̀kadà. Ẹ pè é lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹni ń béèrè iṣẹ́ àmúrelé. Ẹ wo ike omi rẹ̀.